Ọ̀rá Ara Fóòmù Lìádì

Oṣù mẹ́ta ni fóòmù tuntun Lìádì ti wà nínú ọ̀rá n'Íjọkù. Orí àga ló ń sùn.

"Ìyá Lìádì, ṣé ìyàwó ló ń tọ́jú ẹ̀ dè ni?" Àwọn aráalé bú sẹ́rìn-ín.

Sàrátù, ìyá rẹ̀, náà fẹyín.

Ilé iṣẹ́ l'Ógìjó, níbi tí Lìádì ti ń po kẹ́míkà fóòmù, ló fi fóòmù náà ta á lọ́rẹ nígbà tí wọ́n dá a dúró: "Lọ sinmi."

Láàárọ̀ yìí, Sàrátù figbe ta: "Lìádì ti dùbúlẹ̀ o!"

"Ó mà tó àsìkò, ọkọ fóòmù!" Wọ́n rọ́ wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

Lìádì ò mí mọ́.

Kẹ́míkà ti dí i láyà: bó bá dùbúlẹ̀, kò ní í rí èémí mí. Ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ àṣírí yìí.

Ilé iṣẹ́ ti fi nǹkan ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ sí Sàrátù.

Fóòmù ni, tọ̀rátọ̀rá.