Ibi tí Ìyá Ẹlẹ́ja Ti Ń Fọ Àwọ̀n

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fara balẹ̀, mo mú ọ̀rọ̀ ẹja wá fún yín.

Adágún mẹ́ta ni Ìyá Ẹlẹ́ja ní. Ẹja àrọ̀ inú ìkẹta ń kú, egbò pupa ló bo ara wọn.

Láàárọ̀ yìí, tinú ìkíní náà ti ń kú.

Ó nàka sí ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. "Ìwọ lò ń fẹsẹ̀ kó àrùn kiri! Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́!"

"Ìyáálé mi, omi iyọ̀ ni mo fi ń fọ ẹsẹ̀ kí n tó wọ adágún."

"Iyọ̀ wo? Èyí tí o fi ń sebẹ̀?"

Dókítà ẹja tí Ìyá ránṣẹ́ pè kò dá sí ìjà. "Ìyá, ẹ máa ṣiṣẹ́ yín bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n wò."

Ìyá fi àwọ̀n kó òkú ẹja méje nínú adágún kẹta. Ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ lókèèrè, ó fọṣẹ fọwọ́.

Ìyàwó ń di ẹrù, omijé ń bọ́.

Àwọ̀n ń rùn. Ìyá yínmú sí omi adágún kẹta. Ó rìn lọ sí ìkíní, níbi tí omi ti mọ́ jù, ó ri àwọ̀n bọ̀ ọ́, ó ń ṣàn án.

Dókítà bi í pé, "Ìyá, ṣé ibẹ̀ lẹ ti máa ń fọ̀ ọ́?"

"Lójoojúmọ́ ni! Ṣé inú omi ìdọ̀tí ni kí n ti—"

Ó wo adágún kẹta, ó wo àwọ̀n ọwọ́ rẹ̀.

Ó ju àwọ̀n sílẹ̀, ó wọlé, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tú ẹrù ìyàwó.

Ẹnu Ìyá Ẹlẹ́ja gan-an ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní kí n sọ fún yín: adágún kọ̀ọ̀kan, àwọ̀n tirẹ̀.