Àlàyé Timothy Lórí Ìlà Kan

Timothy wà níta ọ́fíìsì kan ní Ṣàpọ́n, ó ń dúró kí wọ́n pe òun wọlé fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Iṣẹ́ alábòójútó àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo ètò Linux ni, irú èyí tó ti ń wá láti ìgbà tó ti jáde ní yunifásítì.

Sìlífátù, tí wọ́n pè ṣáájú rẹ̀, jáde wá.

"Wọ́n ní kí n túmọ̀ ìlà kan lójú kọ̀ǹpútà. Mo sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ ọ́n."

Àánú rẹ̀ ṣe Timothy. Ta ló ń lo Linux tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síta?

Ó wọlé, ó kí Ìyáàfin Ṣówándé, ọ̀gá ibẹ̀. Màmá yí kọ̀ǹpútà sí i.

[;lkp]../\\.=

Ó jọ àwọn ìlà tí àwọn onílinux fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì.

"Bá mi túmọ̀ rẹ̀, ọmọ mi."

Timothy kò rí irú rẹ̀ rí. Síbẹ̀, ó la ẹnu.

"Àkámọ́ yìí ní kí a mú èyíkéyìí nínú àwọn àmì inú rẹ̀, mà. Àmì ìdánudúró dúró fún ohunkóhun. Bí a bá gba ìyẹn, a jẹ́ pé ọ̀nà tó lọ sí fáìlì kan ni ẹni tó kọ ọ́ ń wá. Ọwọ́ àgbà ni, mà."

Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O ṣàlàyé dáadáa. Gbogbo ẹni tó wá lónìí ló ṣàlàyé, àfi Sìlífátù."

Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ bisikíìtì lé itan.

"Òun ló tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí. Kò tíì mọ ìrìn.

"Tí o bá ti ń jáde, bá mi pe Sìlífátù padà wọlé."