Mọ́tò Tó Kù sí Ẹdúnàbọ̀n

"Kí lo wọ̀ wálé?" ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọlọ́kọ̀ kan bi í.

"Ọ̀kadà ni, bàbá."

Ẹdúnàbọ̀n, ìlú tó wà nítòsí, ló fi mọ́tò pupa onílẹ̀kùn méjì rẹ̀, olówó gọbọi, pamọ́ sí, torí ó ń bẹ̀rù ojú àwọn ará ilé wọn n'Ílódè.

Bàbá gba búrẹ́dì tó rà wá, ó bu omi fún un, ó sì wọlé. Ọlọ́kọ̀ tẹjú mọ́ omi náà. Kí ni wọ́n fi sómi yìí? Ó yọ́ gba ẹ̀yìn ilé lọ dà á nù.

Bàbá ló bá níbẹ̀, tó ń fẹsẹ̀ wa erùpẹ̀ bo odindi búrẹ́dì náà.

"Wọ́n fi mọ́tò rẹ hàn mí lórí fóònù. Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi, má fi mí ṣòògùn owó."