Sàláhúdéènì Tó Fojú Tín-ín-rín Ata Onílé

Ìfojú-tín-ín-rín ni àrùn tó ń ṣe Sàláhúdéènì. Ohunkóhun tí kò bá ti ti Ìsẹ́yìn, ìlú rẹ̀, wá, ayédèrú ni lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń ta táyà lójú ọ̀nà Warri sí Sapele. Aladja ló ń gbé, omi Aladja ló ń mu, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ kan tí kì í rí nǹkan bú nínú ìlú tó gbà á. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹ̀gà ní í sọ pé ẹ̀gà ń pàtótó.

Ata ni Fawziyyah, ìyàwó rẹ̀, ń tà nínú ọjà ní Warri. Àwọn tó ń se pẹpẹsúùpù ni oníbàárà rẹ̀, ata yẹ́lò kékeré tó ń ta sánsán nìkan ni wọ́n sì ń bèèrè. Nígbà tí ẹni tó ń kó o wá fún un ṣíwọ́ iṣẹ́, tọkọtaya náà pinnu láti gbin ata fúnra wọn. Rebecca, ìyá Urhobo tó ni ilé tí wọ́n ń gbé, fún wọn ní apá kan lára oko rẹ̀ lọ́nà Otor-Udu.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, Rebecca gbé àwo irúgbìn kan jáde wá sí àgbàlá, níbi táwọn ayálégbé jókòó sí.

"My pikin, na this yellow one I keep for una," ló wí. "Our rain no dey play. If una plant tatashe, e go rotten."

Fawziyyah kúnlẹ̀ gba àwo náà. Sàláhúdéènì bú sẹ́rìn-ín.

"Mama, this one wey squeeze like old man face? For our side, na goat dem dey give am."

Ó gba àwo náà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì da irúgbìn inú rẹ̀ sórí ààtàn níṣojú gbogbo wọn. Rebecca mú àwo rẹ̀, ó wọlé lọ. Ojú ti Fawziyyah débi pé kò lè gbórí sókè.

"Bàbá Humairah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbin díẹ̀ nínú rẹ̀," ó bẹ ọkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ yàrá. "Òun làwọn oníbàárà mi ń rà."

"Tàtàṣé ni mo máa gbìn," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Kí wọ́n rí ata tó ń jẹ́ ata."

Ó ránṣẹ́ sílé fún irúgbìn tàtàṣé. Nígbà tó kọ́kọ́ hù, ó dúdú minimini. Sàláhúdéènì ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́. Ìgbà tó yá, òjò dé, òjò Warri tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Omi dúró láàárín ebè, ewé wọ́ dànù, ọmọ ata sì ń jẹrà kó tó pọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ata yẹ́lò Rebecca so jìngbìnnì.

Fawziyyah kì í lè dé oko nítorí ọjà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń sunkún pé àwọn oníbàárà òun ti ń yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ì bá dára ká ní ọkọ rẹ̀ sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà. Irọ́ ló pa.

"Má sunkún mọ́. Mo gbin yẹ́lò díẹ̀ sí i, mi ò kàn sọ fún ẹ ni. Lọ́la ni màá ká a wá."

Inú obìnrin náà dùn. Ó tẹ àwọn oníbàárà rẹ̀ láago lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀ wá kó ata.

Tó bá jẹ́ pé Sàláhúdéènì kan ilẹ̀kùn Rebecca, tó ní, "Mama, abeg, I no try," ata ì bá délé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ààtàn ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Áà, ẹ̀sín tó ń sá fún gan-an ló sáré lọ bá!

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní mọ́ṣáláṣí, inú oko Rebecca ló wà, ó ń já ata sínú agbọ̀n. Ìkánjú kò jẹ́ kó rọra já a, ata ń fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀fọn bà lé e lójú, ó sì fi ọwọ́ kan náà nu ojú. Ó ké. Ó nu èkejì, ó tún ké. Ibi tó ti ń táràrà kiri ni Rebecca bá a.

"Na you be this?" Ó wo agbọ̀n náà títí. Lẹ́yìn náà, ó bu omi fọ̀ ọ́ lójú, ó gbé agbọ̀n rù, ó sì fà á lọ́wọ́ dání.

Aago ilé ìwé ló bá wọn lọ́nà. Láàárín àwọn ọmọ tó ń lọ ni Humairah, ọmọ Sàláhúdéènì, wà.

"Daddy, who beat you? Why Mama dey carry our pepper?"

Bàbá rẹ̀ dorí kodò, ó ń tẹ̀ lé Rebecca lọ.

Fawziyyah ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ata. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ tó wú, ó wo agbọ̀n lórí Rebecca, gbogbo rẹ̀ sì yé e. Ó wólẹ̀ níwájú ìyá náà, ó ń sunkún.

"Get up," ni Rebecca wí. "Carry am go market, make your customer no vex. E for just ask me."

Ká ní ó bú Sàláhúdéènì ni, ì bá sàn fún un. Ọ̀rọ̀ náà dé ìsọ̀ táyà kí oòrùn tó mú, ẹnu ará Warri ò sì ní ilẹ̀kùn: wọ́n sọ ọ́ ní Alhaji Yellow. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Títí di òní, sàfù ẹ̀yìn, ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá, ló ń dúró sí ní mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ tún dé, Fawziyyah àti Rebecca jókòó, wọ́n ń ṣa irúgbìn ata tí wọ́n máa gbìn. Sàláhúdéènì wà nítòsí, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló rí sí i.

Ẹ̀yin tó ń gbé nílẹ̀ onílẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́gbọ́n. Onílẹ̀ ló mọ ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ ń gbà, ẹ má fi ohun tó bá fún yín ṣẹ̀sín. Bí ẹ bá sì ti ṣì í ṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ìtìjú náà ṣì kéré. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Sàláhúdéènì kọ̀ láti kúnlẹ̀ ìṣẹ́jú kan, ìyàwó rẹ̀ ló bá a wólẹ̀ níta gbangba.