Owó Inṣọ́ránsì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Wá Sin Lọ́wọ́ Lyle

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ wẹ́wẹ́ nílé.

1. Verna Skogen àti Lyle àbúrò rẹ̀ ń sin màlúù ní Wisconsin níbí, oko wọn fara kanra. Bàbá wọn ti ra inṣọ́ránsì ẹ̀mí fún àwọn méjèèjì láti kékeré, irú èyí tí kì í tán títí èèyàn á fi kú. Owó ń pọ̀ nínú rẹ̀ bíi kóló, èèyàn sì lè yá lára rẹ̀; tí ẹni náà bá kú, ẹbí rẹ̀ ló ni èyí tó bá kù.

2. Nígbà tí ẹ̀rọ tí Verna fi ń fún wàrà bàjẹ́, báńkì kò dá a lóhùn. Ó yá owó lára inṣọ́ránsì rẹ̀, ó fi tún un ṣe. Gbogbo ìgbà tí owó wàrà bá wọlé ló ń dá díẹ̀ padà, tòun ti èlé. Ká sọ òtítọ́, obìnrin yìí mọ nǹkan tó ń ṣe.

3. Lyle náà yá tiẹ̀, ó fi ra alùpùpù orí yìnyín. Níbi tí a ti ń mu kọfí lẹ́yìn ìsìn, ó ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń lé yín? Ẹ tún ń san gbèsè owó ara yín?"

"Torí kò sẹ́ni tó ń lé mi ni mo ṣe ń lé ara mi. Lyle, èlé kì í sùn."

"Kó máa bá wa ṣọ́ ilé nígbà náà."

Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Lyle tún yá òmíràn. Ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì pè é títí, kò gbé fóònù. Èlé jẹ owó inú rẹ̀ tán, inṣọ́ránsì náà sì kú.

4. Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, Lyle ṣubú nínú ilé màlúù, kò dìde mọ́. Denise ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ wọn lọ́wọ́ wá sọ́dọ̀ Verna.

"Àǹtí, wọ́n ní kò sí kọ́bọ̀ nínú inṣọ́ránsì Lyle mọ́. Báńkì sì fẹ́ kó àwọn màlúù lọ torí gbèsè tó jẹ wọ́n."

Verna kò sọ pé ṣebí mo wí. Ó yá lára tiẹ̀, ó san ti báńkì.

"Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o, Denise. Àwọn ọmọ mi ló ni ín tí mo bá kú."

"Mo gbọ́, mà. Ìgbà wo ni kí n máa san án?"

"Ìgbàkígbà tí owó wàrà bá wọlé."

Títí dòní, Denise kò tíì yẹ̀ ẹ́ rí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra fún gbèsè tí kò ní ẹni tí yóò kanlẹ̀kùn. Owó tí ẹ bá yá lọ́wọ́ ara yín, ẹ san án bíi ti àlejò. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.