Ọwọ́ Tí Gédéon Fi Ń Wọn Gáàsì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yín.

1. Gédéon ń tún fírígò ṣe ní Pobè. Kì í lo aago tó ń wọn gáàsì rárá. Bó bá ń rọ gáàsì sí fírígò, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń di ọ̀pá gáàsì mú. Bó bá ti tutù tó bó ṣe fẹ́, á tì í pa. Ogún ọdún ló fi ṣe é, kò ṣì í rí. "Ọwọ́ mi ni aago mi," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀.

2. Armelle ìyàwó rẹ̀ ń ta bíà lọ́nà Sakété. Gédéon ní ìyàwó òun ni yóò kọ́kọ́ ta bíà inú àgbá ládùúgbò. Ó gbé fírígò àtijọ́, ó lu ihò méjì sí ìlẹ̀kùn rẹ̀, ó de róbínẹ̀ méjì, ẹnu ẹ̀rọ tí bíà máa gbà jáde, mọ́ ọn, ó gbé àgbá bíà sínú. Ó rẹwà o, n kò ní purọ́. Ó ku kó so ìgò gáàsì mọ́ àgbá, kí gáàsì máa ti bíà jáde.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Valentin, ajórin ará Sakété, wò ó títí.

"Gédéon, détáńdọ̀ dà, irin tó ń dín agbára gáàsì kù? Mo lè mú un wá lọ́la."

"Lọ́la kẹ̀? Àwọn èèyàn ti jókòó! Èmi lo fẹ́ kọ́ ní gáàsì?"

"Èyí kì í ṣe gáàsì fírígò o. Á fọ́ àgbá yẹn!"

Gbòà! Gédéon fọ́ ọ létí. Ẹ̀jẹ̀ bọ́ lẹ́nu Valentin.

3. Armelle sáré di ọkọ rẹ̀ mú. "Bàbá Ornella, mo bẹ̀ yín, ẹ dúró dọ̀la."

Gédéon ti òun àti Valentin dànù síta, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Áà, agídí burú! Ó so ìgò gáàsì mọ́ àgbá, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá rẹ̀ mú. Àwọn tó wà níta ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé.

"Kò tíì tutù." Ó tún ṣí gáàsì sí i. "Kò tíì..."

Àgbá bú gbàmù! Ìlẹ̀kùn fírígò fò, ó wó ògiri. Irin àgbá gé ọwọ́ ọ̀tún Gédéon já lọ́rùn ọwọ́. Nígbà tí wọ́n jálẹ̀kùn, bíà àti ẹ̀jẹ̀ ti pò pọ̀ nílẹ̀. Valentin tí Gédéon fọ́ létí ló bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀, tó fi di apá náà pinpin, tó sì gbé e dé ọsibítù.

4. Ọjọ́ kẹta ni Gédéon lajú.

"Armelle," ó ní, "ọwọ́ ọ̀tún mi ń tutù."

Armelle wo ibi tí wọ́n fi aṣọ dì, ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ kì í ṣe gbogbo iṣẹ́. Bí ẹnìkan bá ní "dúró ná," ẹ dúró. Ẹ má lu ẹni tó fẹ́ yọ yín. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.