Dìgbòlugi Kì Í Yan Ọ́fíìsì

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ ní yunifásítì so ìlera ènìyàn, ẹranko àti àyíká pọ̀.

Ajá kan kú ládùúgbò wa. Àyẹ̀wò ní dìgbòlugi ni.

Mo sáré wá abẹ́rẹ́ lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀: "Ajá kẹ̀? Lọ bá dókítà ẹran."

Dókítà ẹran ní kí n lọ bá wolé-wolé.

Wolé-wolé bú sẹ́rìn-ín. "Ajá ti kú, o ò sinmi ariwo. Ṣé torí ìwé tó o fẹ́ fi gboyè ni?"

Mo gbé ẹsẹ̀ mi sórí tábìlì rẹ̀, mo tú báńdéèjì tí mo fi wé e.

"Èmi ló bù jẹ!"

Ó fò sẹ́yìn, ó lẹ̀ mọ́ ògiri.

"Má fọwọ́ kàn mí o!"

Gbogbo ohun tó rí sọ nìyẹn.